Rédíò Bàbá Mi Tó Wà Lọ́wọ́ Àbúrò Wọn

Kékeré ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, tí àbúrò wọn gbé rédíò wọn lọ sí yàrá tirẹ̀ kí omijé wa tó gbẹ. Mo mọ̀ pé "wọn" ló yẹ kí n fi máa pe ẹni tó jù mí lọ. Àbúrò bàbá mi kò ní rí i gbà lọ́wọ́ mi níbí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní Ìlá kò ní gbàgbé irú rédíò bẹ́ẹ̀: èyí tó wọ awọ bí àpò obìnrin, tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fà gùn, tó sì ń jẹ òkúta bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Orí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù ni a ti ń gbọ́ ìròyìn ọ̀nà jíjìn. Ohùn á wá, á lọ, á máa hó bí epo àkàrà. Èmi ni mo máa ń di wáyà tí a so mọ́ irin rẹ̀ mú lójú fèrèsé. Tí apá mi bá rọ̀, tí ohùn bá pòórá, àbúrò bàbá mi á gbá mi létí. Èmi náà ni mo ń sá òkúta tó ti kú sóòrùn, tí mo ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, torí a gbà pé oòrùn á dá agbára rẹ̀ padà. Nígbà mìíràn, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìgbà ogun abẹ́lé ni. Ẹ̀gbọ́n mi Àyọ̀ ti wọṣẹ́ sójà, a kò sì gbúròó rẹ̀ láti ìgbà òjò. Ìyá mi á gún iyán fún wa, wọ́n á jókòó tì í, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Tí alùpùpù, tó lè gbé ìròyìn ikú wá, bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀rà, ọwọ́ wọn á dúró nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe títí yóò fi kọjá.

Lọ́jọ́ kan, sójà kan tó fara gbọgbẹ́, tó ń lọ sílé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, yà jíṣẹ́ fún wa. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn sójà yóò kí ará ilé wọn lórí rédíò, àti pé Àyọ̀ á wà nínú wọn. Ìyá mi lọ bẹ àbúrò bàbá mi. Ó gbà.

Nígbà tí ìyá mi wọlé ọkọ, ọmọdé ni ọkùnrin yìí. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ fún un, àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ iléèwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bá a nílé, nítorí náà ọkọ wọn ni. Ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. "Akọ̀wé mi" ni ìyá mi ń pè é, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Sátidé dé. Ó ti yàrá rẹ̀ pa, ó ń ta ayò lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá mi jáde wò ó, wọ́n padà, wọ́n tún jáde. Wọ́n ní kí n wo oòrùn. Mo ní ó ti wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ni wọ́n bá sáré bọ́ síta láìwọ bàtà, wọ́n ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ọládìpọ̀, àkókò ń lọ o."

Ayò dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ládìpọ̀, ìyàwó ilé yín ti sọ ẹ́ dọmọ ọwọ́."

"Bóyá wọ́n á tún wẹ̀ fún un lónìí," òmíràn dáhùn.

Ó dìde, ó ṣí yàrá. Mo rò pé ó fẹ́ tan rédíò ni, mo ti di wáyà mú. Ó yọ òkúta rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò. Ìyá mi ti wà lórí eékún.

"Akọ̀wé mi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣì. Ọmọ yín ló fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ẹni tó lè pe orúkọ mi lè tan rédíò fúnra rẹ̀," ó ní. Ó padà sídìí ayò.

Tíṣà kan ní rédíò ní àdúgbò kejì. A sáré. Ìró ìyá mi ń tú, wọn kò dúró so ó. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ló ń kí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó tíṣà dìde sí wa.

"Ẹ ò bá a, Ìyá Àyọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni. Ó ní kí ẹ má ronú."

Ìyá mi kò sunkún. Wọ́n ní, "Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó ń wúkọ́?"

Nígbà tí a padà délé, mo sọ sétí àbúrò bàbá mi pé bàbá mi ló ni rédíò. Ó ní kí n fi ìka kan kan ilẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí òun yóò fi jẹun tán. Ìyá mi ló gbé oúnjẹ náà fún un.

Àyọ̀ kò bọ̀ láti ogun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìyá mi bá pàdé ìyàwó tíṣà, wọ́n á tún bi í léèrè bí ohùn náà ṣe rí. Obìnrin yẹn kò bínú rí, á sì tún un sọ fún wọn.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ Ọládìpọ̀ ti Èkó wá ṣe ìrántí bàbá wọn. Wọ́n ní rédíò rẹ̀ ni gbogbo agbo ilé fi ń gbọ́ ìròyìn ogun. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi pé kí n fi tèmi kún un. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ohun tí mo ní láti sọ ni ẹ kà yìí.

Lónìí, ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Tó bá dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, àyà mi á máa já. Tí ohùn náà bá dé, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ òtútù ibẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n n kò kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni kí n tó gbọ́ ọ. Mo máa ń gbọ́ ọ tán, mo sì tún máa ń gbọ́ ọ kí n tó dá a lóhùn. Ìyá mi kò gbọ́ ohùn tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.