Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Bàbá Mi Dúró, Tí Alágbádá Ò Dúró

Omi ló dà sí mi lára láàárọ̀ yìí. Ìwọ ọmọ-ọmọ mi tí ò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi náà lo gbé e. Ò ń sáré bọ̀ láti ìdí àmù pẹ̀lú igbá omi kíkún, ewúrẹ́ kan gba iwájú rẹ kọjá, o dúró lójijì, omi inú igbá ò sì dúró. Gbogbo rẹ̀ fò jáde, ó bọ́ sí mi láyà, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. O ní, "Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Tíṣà wa ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ohun tó bá ti ń lọ, lílọ náà ni yóò máa lọ, àfi bí nǹkan bá dá a dúró." Kí tíṣà rẹ wá jókòó. Mo ti mọ èyí kí wọ́n tó bí bàbá tó bí i, mo sì ti fi gbẹ̀san.

Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà dé Ẹ̀pẹ́, nígbà tí ìjà lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Èkó. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló gbé wa wá, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ náà sì ni bàbá mi ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹja tó tóbi á di ti ọlọ́kọ̀, wẹ́wẹ́ rẹ̀ á di tiwa. Ìyá mi á tò ó sórí ààrò, èéfín á máa rú gba inú koríko òrùlé jáde bí ẹni pé ilé ń mí. Láti ẹ̀yìn ilé wa dé omi, ìdàgẹ̀rẹ́ ni, amọ̀ pupa tí òjò ti fọ̀ títí ó fi ń dán. Èmi àti Ràbí, ọmọ ilé kejì, ọ̀rẹ́ mi tí ìgbóná pa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, a máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, a ó sì yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí imọ̀ ọ̀pẹ bá kọlu gbòǹgbò, òun á dúró, àwa ò ní dúró, ẹnu la ó fi gbálẹ̀. Ràbí fi eyín iwájú kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò nílò rẹ̀, pé èkuru ò le. Ilé ìwé tiwa nìyẹn.

Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí onílẹ̀ kan yọ̀ǹda igi ńlá kan fún bàbá mi nínú igbó ẹ̀yìn ilé wa. Òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan ló fi gbẹ́ ẹ di ọkọ̀, àáké lówùúrọ̀, iná díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, èmi á máa fi abẹ́rẹ́ yọ igi tó gún un. Á ní, "Ó kù díẹ̀." Ohun tó kù díẹ̀ náà ni ìgbà tí ẹja tó tóbi yóò di tiwa.

Ìgbà tí ọkọ̀ parí ni Alágbádá dé láti Ìkòròdú. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pàdé mi lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ọmọ bàbá kan náà. Ní gbogbo ìgbà tí ebi ń pa wá, kò fi iyọ̀ tó kún èékánná ránṣẹ́. Ó gbá ọkọ̀ náà ní ìdí bí ẹni gbá ẹṣin.

"Àbúrò mi, o káre. O bá mi gbẹ́ ẹ dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ mi ni mo gbẹ́ ẹ fún."

"Ta ló ni ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ? Àbí o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ò ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ du ọkọ̀?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ìyá mi wọ inú ilé lọ, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà náà, kì í ṣe ìwé la fi ń mọ ọlọ́kọ̀ ní etí omi wa. Ẹni tó bá dúró nínú ọkọ̀ tuntun nígbà tí imú rẹ̀ kọ́kọ́ kan omi, òun ló ni ín, gbogbo etí omi ló jẹ́rìí. Alágbádá ní òun ni yóò dúró síbẹ̀.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ náà sómi, èmi àti Ràbí yí gẹ̀dú igi kan wá sí ìsàlẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ́. A há a sáàárín kùkùté méjì, ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta péré kó dé omi, a sì da ewé bò ó.

Ràbí ní, "Tí eyín rẹ̀ bá ká ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ń ta èkuru ní Ìkòròdú náà."

Ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti to igi róbótó sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń fa okùn iwájú, iṣan ọrùn wọn yọ, kò mì. Ohun tó wúwo tó bá ti jókòó, jíjókòó náà ló wù ú. Àmọ́ bó ṣe mì ní ìwọ̀n ìka kan báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn. Nígbà tó fi máa dé orí ìdàgẹ̀rẹ́, ẹnikẹ́ni ò fà á mọ́, dídì í mú ló kù. Wọ́n wé okùn ẹ̀yìn mọ́ igi àgbọn, bàbá mi ló di okùn náà mú, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alágbádá dúró ní imú ọkọ̀, aṣọ rẹ̀ funfun báláú.

"Àbúrò, tú okùn yẹn jàre! Ṣé ewúrẹ́ lò ń dà ni?"

Bàbá mi wo ìsàlẹ̀. Ó rí ewé níbi tí ewé kì í sí. Ó wá wo ojú mi. Mi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀, àmọ́ mi ò gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ni okùn náà bọ́ wọ afẹ́fẹ́, ọkọ̀ sì sáré bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun.

Ó kọlu gẹ̀dú, gbìì! Ó dúró. Alágbádá ò dúró. Agbádá rẹ̀ fẹ̀ lápá méjèèjì bí ìyẹ́ lékeléke, ó fò kọjá imú ọkọ̀, ó sì fi ìbàdí gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ etí omi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sókè láti inú ẹrẹ̀:

"Èmi ni mo kọ́kọ́ kan omi! Ẹ jẹ́rìí mi o!"

Àgbàlagbà tó ń bójú tó etí omi fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Lóòótọ́, ìwọ kan omi. Ọkọ̀ ni kò tíì kàn án."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé Ìkòròdú. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró. Wọ́n gbé imú ọkọ̀ kọjá gẹ̀dú, wọ́n tì í, ó kan omi. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè bí okùn ṣe bọ́, ó ní, "Ọwọ́ mi yọ̀ ni."

Ìbàdí Alágbádá yẹ̀. Ọ̀pá ló fi rìn títí ó fi kú. Gbogbo ọdún Iléyá tó bá wá kí wa, mo máa ń kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú rẹ̀, màá ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá." Àwọn àgbà máa ń yìn mí pé mo mọ̀wọ̀.

Òjò ti jẹ ìdàgẹ̀rẹ́ yẹn tán, ilé ti kún ibẹ̀. Ọkọ̀ tó ń tú èéfín ń kọjá lórí ọ̀sà báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń gun imọ̀ ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n omi inú igbá rẹ ò yàtọ̀ sí ti ìgbà náà, èmi náà ò yàtọ̀. Àlùfáà ń wàásù ìdáríjì, mo ń ṣe àmín, ìbínú yẹn ṣì ń yí lọ nínú mi, mi ò tíì rí gẹ̀dú tó lè dá a dúró.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ wọ omi, bàbá mi na àtẹ́lẹwọ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́. Okùn tó bá yọ lọ́wọ́ èèyàn tipátipá, pẹ̀lú ọkọ̀ tó wúwo tó yẹn lẹ́nu rẹ̀, á bó o láwọ dé eegun. Mo yẹ ọwọ́ náà wò lójú iná ààrò, ọ̀tún àti òsì. Kò sí àpá okùn kankan níbẹ̀, kò tilẹ̀ pọ́n. Mo wo bàbá mi, bàbá mi wo ẹja. Mo bá ká ìka rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dì í mọ́ra, kí ẹni tó bá wọlé má bàa rí i.