Nígbà tí Mo Pa Orúkọ Lea Dà

Òórùn ọ̀dà tuntun ló gba inú ọ́fíìsì pásítọ̀ wa ní Alágbàkà, Àkúrẹ́, lọ́jọ́ tí wàhálà orúkọ mi bẹ̀rẹ̀. Fáànù ń yí lókè, kò sì fẹ́ atẹ́gùn kankan sí wa lára. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi jókòó sórí àga ike, fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó wa wà níwájú pásítọ̀. Ó ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

“Sísítà, ṣé ẹ mọ ohun tí Lea túmọ̀ sí?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Àárẹ̀ ni. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ràn. Ṣé òun lẹ fẹ́ gbé wọ ilé ọkọ?”

Ó ní Hanna ni kí n máa jẹ́, nítorí oore-ọ̀fẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé Hanna náà kò sunkún tó kó tó rí ọmọ bí. Tí n kò bá pa á dà, òun kò ní kéde wa nínú ìjọ. Oṣù méjì ló kù, àwọn àna sì ti mú ọjọ́. Ìwọ náà ti ṣètò ìgbéyàwó rí, o mọ bó ṣe ń rí.

Mo kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè Hébérù, bóyá yóò gbè mí. Ó ṣí ìwé ńlá méjì. Ó ní àwọn kan gbà pé àárẹ̀ ni lóòótọ́, àwọn mìíràn ní abo màlúù ni, kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Bíbélì sọ ìdí tí Lea fi pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní Rúbẹ́nì, Síméónì, Léfì àti Júdà, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí wọ́n fi pe òun fúnra rẹ̀ ní Lea. Mo dúpẹ́, mo jáde, inú tún bí mi sí i. Àárẹ̀ tàbí màlúù! Èwo ni kí n gbé padà fún pásítọ̀?

Ni mo bá lọ búra ní kóòtù pé mo pa orúkọ mi dà. Ọjọ́ kìíní, wọn kò ní iná. Ọjọ́ kejì, ẹni tí yóò fọwọ́ sí i kò wá. Ọjọ́ kẹta, wọ́n tẹ orúkọ mi ní Leya. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó di Hanna.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó láti fi ìwé náà han bàbá mi. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tí wọ́n sá. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í kánjú kàwé. Wọ́n kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn.

“Ta lo bi léèrè?”

“Pásítọ̀ ni, Bàbá. Wọ́n ní àárẹ̀ ni Lea túmọ̀ sí nínú Bíbélì.”

“Èmi ò mú un nínú Bíbélì.”

Èdè Oǹdó ni bàbá mi ń sọ tí inú bá ń bí wọn. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá inú kíláàsì ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ìbínú lọ. Wọ́n ní abúlé kan ni àwọn ti ń kọ́ni nígbà tí ìyá mi ń rọbí mi. Òjò ti gbá afárá lọ, mọ́tò kò lè kọjá. Agbẹ̀bí kan fi ẹsẹ̀ rìn láti Oǹdó, ó sì jókòó ti ìyá mi fún ọjọ́ méjì gbáko títí mo fi dé. Lea ni orúkọ rẹ̀.

“Ilé ni mo wò kí n tó sọ ẹ́ lórúkọ. Ìwọ ò wo ilé kó o tó pa á dà.”

Mo wà ní kékeré nígbà tí ìyá mi kú, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní Àkúrẹ́ ni mo sì dàgbà sí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọn kò fi sọ ọ́.

“Ṣé o bi mí ni? Màmá agbẹ̀bí yẹn ṣì ń bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, ‘Lea mi ńkọ́?’ Kí ni kí n wí fún wọn báyìí?”

Àfẹ́sọ́nà mi ló ní ká lọ ṣe ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi, Lea ni àlùfáà sì pè mí níbẹ̀. Àmọ́ ìwé ìbúra kì í ṣeé gbé mì. Mo tún ní láti búra pé èmi Hanna ni èmi Lea, títí dòní sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè èwo gan-an ni mí. Inú ṣì máa ń bí mi sí pásítọ̀. Ṣùgbọ́n mo bi ìwé léèrè, mo bi olùkọ́, mo bi kóòtù. Ẹni tó sọ mí lórúkọ ń sá kòkó ní Oǹdó, ìrìn wákàtí kan nínú mọ́tò, èmi kò bi í. Orúkọ tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ rìn gbé wá fún mi nínú òjò ni mo lọ fi ọwọ́ ara mi sọ nù.