Ọjọ́ tí Omi Àlùwàlá Wọ Rọ́bà Ọrùn Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Sàǹgó níbí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí!

Iṣẹ́ wẹ́dà ni bàbá mi ṣe títí wọ́n fi dàgbà. Nǹkan kan wá hù sí wọn lọ́nà ọ̀fun, èémí ò ráàyè kọjá dáadáa mọ́. Ní ọsibítù, àwọn dókítà lu ihò síwájú ọrùn wọn, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni èémí ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Imú kọ́ o, ọrùn! Ohùn wọn sì lọ, ọwọ́ àti ojú nìkan ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi bí màá ṣe máa yọ rọ́bà kékeré tó wà nínú ti ńlá kí n fọ̀ ọ́, àti bí màá ṣe máa fi ẹ̀rọ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ó ní tí mo bá ti ń fà á, kí èmi náà sé èémí mi. Ìgbà tó bá ti ń ni mí lára, ó ti ń ni bàbá náà lára nìyẹn, kí n yára yọ ọwọ́. Ó ní kí n máa ta aṣọ fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá síwájú rọ́bà náà nítorí eruku. Ẹ sì mọ eruku Sàǹgó wa yìí, pẹ̀lú gbogbo tírélà tó ń lọ sílé iṣẹ́! Ó wá kìlọ̀ fún mi pé omi ò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀ láéláé, pé inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló rántí àlùwàlá? Orí bẹ́ẹ̀dì ni bàbá mi ti ń fi ojú kírun ní ọsibítù!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo wà nídìí maṣíìnì ìránṣọ mi níwájú ilé. Mo kàn gbọ́ gbà! gbà! gbà! lẹ́yìnkùlé. Mo sáré débẹ̀. Bàbá mi ló jókòó sórí àpótí, ojú wọn ti pọ́n, ó fẹ́ẹ̀ yọ síta, wọ́n ń fi búútà lu sìmẹ́ńtì. Àlùwàlá Alásárì ni wọ́n ń ṣe. Omi tí wọ́n bù sójú ló ṣàn wọ rọ́bà lọ.

Yéè! Mo tẹ̀ wọ́n síwájú, wọ́n ń wúkọ́, omi ń tú jáde lọ́rùn wọn. Mo yára fọwọ́, mo gbé ẹ̀rọ. Iná wà, Alhamdulillah! Mo sé èémí mi, mo fà á. Mo jẹ́ kí wọ́n sinmi, mo tún fà á. Díẹ̀díẹ̀ ni èémí wọn balẹ̀.

Bí ẹ̀rù ṣe lọ ni ìbínú dé. Ẹ kúkú mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo pariwo mọ́ bàbá tó bí mi lọ́mọ! Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ sọ mí di ọmọ òrukàn ni, mo ní àlùwàlá ti parí nílé yìí. Mo gbé búútà pamọ́.

Bàbá mi kọjú sí ògiri. Mo gbé ògì wá, wọn ò mu. Mo fẹ́ fọ rọ́bà, wọ́n ti ọwọ́ mi dànù. Wọ́n nawọ́ sí ẹní ìkírun, wọ́n nawọ́ sí ọrùn wọn, wọ́n wá ṣe bí ẹni fa nǹkan yọ. Ó yé mi. Wọ́n ní kàkà káwọn máa kírun láìṣe àlùwàlá, kí n yọ ọ́, káwọn kú. Rọ́bà téèyàn ò bá fọ̀ á dí. Tó bá dí, kí ló kù?

Mo pe Alfa mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó kéré sí bàbá mi dáadáa, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ó tẹríba kí wọn, ó ní, "Baba, wọ́n ní ẹ fẹ́ máa ṣe àlùwàlá ẹ̀dọ̀fóró!" Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Alfa wá fara balẹ̀, ó ní Ọlọ́run ò ní kí aláìsàn fi omi pa ara rẹ̀, pé ìdí tí tayamọ́mù, àlùwàlá aláìlómi, fi wà nìyẹn.

Mo fò sókè. Ṣebí erùpẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é! "Alfa, ẹ jọ̀ọ́ o! Eruku ò gbọ́dọ̀ débẹ̀!"

Alfa dá mi lóhùn, "Ìyá Wàlíù, ẹ rọra. Òkúta ńkọ́?"

Ó mú òkúta kan wá, ó mọ́ roro, kò ní eruku kankan lára. Ó fọwọ́ kàn án, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Ó ní ó tán nìyẹn. Bàbá mi wo òkúta, wọ́n wò mí, omi bọ́ lójú wọn. Èmi náà bú sẹ́kún.

Wọ́n ṣe é, wọ́n jókòó kírun. Kò sí ohùn, ètè nìkan ló ń mì. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n na ọrùn sí mi pé kí n wá fọ rọ́bà. Mi ò bẹ̀ wọ́n o! Inú mi dùn ju kí n máa sọ ọ́ lọ.

Dókítà ti ní ọ̀fun ń san, pé tó bá ń lọ báyìí, ó ṣeé ṣe káwọn yọ rọ́bà náà lọ́jọ́ kan.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ọrùn ni mò ń tọ́jú, mo gbàgbé odindi èèyàn tó ni ín. Kí ẹ tó máa sọ fún aláìsàn yín pé má ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún, ẹ bi í ní ohun tí kò lè fi sílẹ̀, kí ẹ bá a wá ọ̀nà míì sí i.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti tọ́jú aláìsàn tó lágídí rí? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Mò ń bọ̀ ná, bàbá ti ń pàtẹ́wọ́ pè mí, Màgáríbì ti tó.