Òrùka Àtijọ́ Lára Ọ̀pá Ọ̀gá

Ó-Kù-Díẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe ọkọ mi, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Gbé ọ̀pá ìwọ̀ ìpẹja tó bàjẹ́ fún un lọ́jọ́ Ajé, padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á di ojú kan, á ní, "Ó kù díẹ̀." Yàrá kan náà la ti ń ṣiṣẹ́: maṣíìnì ìránṣọ mi wà lójú fèrèsé, tábìlì tirẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí aṣọ tí mo rán tí kì í rùn fáníìṣì tó fi ń kun ọ̀pá. Mo jà, mo jà, ó sú mi.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin ọ̀gá tó kọ́ ọkọ mi níṣẹ́ gbé ọ̀pá baba rẹ̀ wá. Fáníìṣì ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá sì ti dógùn-ún. Ó ní láti ìgbà tí ojú bàbá ti fọ́, orí àga ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àfi lánàá tí wọ́n ní bí ọ̀pá àwọn bá ṣeé tún ṣe, àwọn á tún lọ sétí odò. Ọkọ mi gba iṣẹ́ náà tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́! Orí ẹsẹ̀ òrùka ló ti ń gé òwú àtijọ́ tó so ó mọ́ ọ̀pá, kí ọ̀bẹ má baà dọ́gbẹ́ sára ọ̀pá. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló fi ha fáníìṣì, kì í ṣe ojú rẹ̀. Okùn ti gé àwọn òrùka àtijọ́ débi tí èékánná lè wọ ibẹ̀. Irú wọn á máa já okùn, ló bá kó wọn sínú agolo mílíìkì. Òwú mi ló fi so àwọn tuntun mọ́ ọn. Ó gba àjákù ṣẹ́dà lọ́wọ́ mi, ó fà á gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá yóò há níbì kan. Kò há.

Ó wá ku kókó fáníìṣì gbágungbàgun kan lókè ibi ìdìmú.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o," mo ní. "Ta ló mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀?"

"Gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ, jàre. Kí ọ̀gá mi fọwọ́ kan iṣẹ́ mi, kí wọ́n bá kókó níbẹ̀? Mo gbé!"

Ó ha á dànù. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a gbé ọ̀pá lọ. Bàbá ti dé fìlà, wọ́n ti ń retí wa. Wọ́n fọwọ́ pa á láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n tún padà, àtàǹpàkò wọn ń wá nǹkan lókè ibi ìdìmú. Ojú wọn fà ro.

"Ọ̀pá ta lèyí?"

"Tiyín ni, ọ̀gá."

"Irọ́! Torí pé ojú mi fọ́, lo ṣe fi ọ̀pá ẹlòmíràn tàn mí jẹ? Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́!" Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní kí ọmọ àwọn mú àwọn wọlé.

Ọkọ mi kò jẹun nígbà tí a délé. "Ṣebí mo wí" ti dé orí ahọ́n mi, ẹnu mi kì í kúkú gbélé. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

"Kókó yẹn ni àtàǹpàkò wọn ń wá," mo ní. "Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n."

"Mo ti ha á tán. Níbo ni mo ti fẹ́ rí kókó ọgbọ̀n ọdún?"

Ló bá fa agolo mílíìkì mọ́ra. Ó yọ òrùka tí okùn gé jù lọ.

"Háà, ìyẹn á já okùn!" Èmi náà ti mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún.

"Okùn ò ní débẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá, níbi tí kókó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kankan.

Nígbà tí fáníìṣì tó fi kùn ún gbẹ, a padà lọ. Bàbá kò na ọwọ́ rárá, ọmọ wọn ló fi ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́. Àtàǹpàkò wọn bọ́ sórí òrùka, èékánná wọn wọ ibi tí okùn gé.

"Ẹja tèmi ló gé ibí yìí," wọ́n ní. Wọ́n táràrà títí ọwọ́ wọn fi ba orí ọkọ mi. "Ó kù díẹ̀, àbí?"

"Ó ti tán, ọ̀gá."

Láti ogún ọdún tí mo ti wà nílé rẹ̀, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Bàbá kígbe pe ọmọ wọn: "Bàtà mi dà?"