Súwẹ́tà Tó Gba Ènìyàn Méjì

Mo ń lọ sódò lọ́jọ́ náà, ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo rí ìyàwó tíṣà wa ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó ń fi igi méjì hun nǹkan. Òwú kan ṣoṣo ló ń jáde láti inú agbọ̀n, aṣọ sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ aṣọ híhun. Ìyá bàbá mi ní òfì nílé. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọn kò ta òwú rẹ̀ mọ́ ohunkóhun, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo gbé korobá mi kalẹ̀. Nígbà tí mo máa fi gbé e padà, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀.

Ó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti oríṣi ojú híhun méjì péré kí wọ́n tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìgbájọ. Ìyókù, mo fi ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya kọ́ ara mi: mo ń tú u díẹ̀díẹ̀, mo ń wo bí òwú ṣe ń gba inú ara rẹ̀ kọjá.

Àbúrò mi tó kéré jù ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà náà. Ìyá mi a máa fi ìdájí lọ sọ́jà Ọ̀rà, bí ọyẹ́ bá sì ti dé, ọmọ náà a máa wúkọ́ títí ọ̀sán. Mo ní màá hun súwẹ́tà kan tó máa bo àwọn méjèèjì.

"Àwa méjèèjì nínú ẹ̀wù kan? Ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lo fẹ́ hun ni?"

"Ẹ ṣáà dìde, ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín."

Mo wọ̀n wọ́n pọ̀, tọ̀já tọ̀já: àádọ́ta ínṣì.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọyẹ́ ṣáájú rẹ dé o."

Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, irú igi méjì ti ìyàwó tíṣà, ni n kò ní. Mo tọrọ sípóòkù méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo fi òkúta pọ́n ẹnu wọn. Orí wọn ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, òwú kò lè yọ bọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí púpọ̀. N kò mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ bá ṣe tín-ín-rín tó ni ojú aṣọ ṣe ń kéré tó. Ti ìyàwó tíṣà nípọn bíi pẹ́ńsùlù. Tèmi, ojú mẹ́jọ ló ń wọ ínṣì kan. Igba ojú ni iwájú nìkan gbà, wọ́n fún pọ̀ lórí sípóòkù bí èrò inú lọ́rì. Bí mo bá sì rí ojú kan tó jábọ́, màá tú u dé ibẹ̀.

Ìyá mi a ti ọjà dé, a wò ó. "Kò tíì kúrò ní ìdí?"

"Mo fẹ́ kó dára ni."

"Ọmọ yìí ò ní kó dára. Òtútù ló ń mú un."

Ọyẹ́ dé, súwẹ́tà kò tíì dé àyà. Mo máa ń wà lórí ẹní tí màá máa gbọ́ ikọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sójú títì. Ká ní mo gbẹ́ ọparun ṣe abẹ́rẹ́ tó nípọn, kí n tún un bẹ̀rẹ̀, wọn ì bá wọ̀ ọ́ kí ọyẹ́ náà tó lọ. N kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi.

Ọyẹ́ ọdún kejì ni mo tó parí rẹ̀. Ìyá mi bọ̀ ọ́ sọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pe ọmọ kó wá gun ẹ̀yìn. Ọmọ sá jáde. Ó ti mọ ìrìn, kò fẹ́ ọ̀já mọ́. Ẹ̀yìn súwẹ́tà náà wá rọ̀ wọjọ bí àpò òfìfo.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fi í rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ta lo gbé pamọ́ sẹ́yìn yẹn?"

"Ọkọ mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ó rọ̀ mí lọ́rùn. Àyè wà nínú rẹ̀."

Kò tún bímọ mọ́. Ó wọ̀ ọ́ títí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi lu, òun nìkan. Ọyẹ́ kan ṣoṣo ni wọn ì bá jọ wọ̀ ọ́, mo sì ń hun ún lọ́wọ́ nígbà tó kọjá.

Ọparun ni mo ń lò báyìí, ewé ìpín ni mo fi ń dán an. Ojú mẹ́rin sí ínṣì kan. Èyí tí mo parí kẹ́yìn, fún obìnrin kan tó ń tọ́mọ ní àdúgbò wa, gba ọgọ́rùn-ún ojú níwájú, ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn, ọjọ́ mọ́kàndínlógún.