Ọjọ́ Tí Ọba Wọ Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì

Láyé owó epo, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìsọlọ̀ fi ọba ìlú mi, tó kọ́lé sí Ire-Akari níbẹ̀, ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá. Inú bí mi. Èmi ṣe ìdánwò kí n tó wọlé. Adé lásán ni Kábíyèsí fi wọlé.

Lọ́jọ́ ìwúyè, a bu omi kànga ilé Kábíyèsí sábẹ́ awò tó ń sọ kòkòrò tíntín di ńlá. Ọba kì í tẹríba fún kòkòrò, la bá gbé awò náà ka orí àpótí mẹ́ta, gbogbo wa sì dọ̀bálẹ̀. Kábíyèsí wò ó títí, ojú wọn le koko.

"Ṣé ilé mi ni àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri yìí ń gbé?"

Mo dáhùn láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Wọ́n rí mi, ìkankan ò sì dọ̀bálẹ̀!"