Ojú Aláró Irun

Aláró ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò pa aṣọ kankan láró rí láyé rẹ̀. Irun orí ènìyàn ló ń pa láró. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, láàárín ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ẹni tó ń ta ìwé. Yàrá kan ni, àga kan, àti dígí kan tí igun rẹ̀ ti bó. Bí ẹni méjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á dúró síta. Mo ti dúró síta níbẹ̀ láìmọye ìgbà, tí mò ń kùn, nítorí mi ò ní sùúrù. Ìyá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe. Lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù ni mò ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ewú yọ lórí mi kí n tó pé ogójì ọdún. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé orí fún fi àwọ̀ oyin sí i, ó ní òun ló wà lóde. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi béèrè bóyá ara mi ò yá. Ẹni tó jókòó tì mí náà béèrè. Ẹni kẹta tó béèrè ni mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù, mo sì fi ìborùn we orí mi fún oṣù kan gbáko. Ẹni tí mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù yẹn náà ló wá júwe ṣọ́ọ̀bù Aláró fún mi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò tilẹ̀ wo irun mi. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti ń wọlé, ó nu gbogbo páúdà ojú mi kúrò, ó ta aṣọ funfun báláú sábẹ́ àgbọ̀n mi. Ó wò mí, ó yọ ọ́, ó fi òmíràn tó ní àwọ̀ wàrà sí i, ó tún wò mí. Ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò, ó sì ní kí n yí ètè mi síta, bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Mo ti fẹ́ dìde kí n máa lọ.

Ó ní, "Dúdú méjì ló wà, Akọ̀wé. Dúdú kan wà tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Dúdú kan sì wà tó jẹ́ pé omi tútù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi ni tìẹ. Wọ́n wá lọ da oyin sórí omi."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá dúdú tí awọ rẹ̀ sì tutù, aṣọ funfun báláú á mú kí ojú rẹ̀ dán, aṣọ aláwọ̀ wàrà á mú kó ṣá. Fàdákà á bá a mu ju wúrà lọ. Irú wa yìí, ó ní dúdú tó ní aró díẹ̀ nínú ló yẹ wá, irú èyí tí ènìyàn ò ní mọ̀ pé aró wà níbẹ̀ àfi bí oòrùn bá kàn án. Bí a bá fẹ́ búráùn, kó jẹ́ èyí tó ṣú dáadáa tí eérú wà nínú rẹ̀, kó má ṣe pọ́n rárá. Ẹni tó bá láyà lè gba àwọ̀ wáìnì, tó bá ti fì sọ́dọ̀ elésè àlùkò. Àwọ̀ bàbà àti wúrà àti oyin, ká fi sílẹ̀ fún àwọn oníná. Kò sì gbọdọ̀ jìnnà ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí irun tí Ọlọ́run fún ni, nítorí ìpéǹpéjú ò ní yí padà, yóò sì máa jẹ́rìí takò wá.

Ó po tèmi: dúdú aláró apá mẹ́ta, búráùn eléérú apá kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, ó kọ "Akọ̀wé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mi. Nígbà tí mo wo dígí lọ́jọ́ náà, ojú mi ni mo rí, ojú tí mo ti mọ̀ láti kékeré tí mo ti rò pé kò ní padà wá mọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé láti dúpẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lọ síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Nínú ọdún mọ́kànlá yẹn, ó mọ̀ nípa ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ó mọ̀ nípa onílé mi, ó sì mọ̀ nípa ọkùnrin tó ní òun á fẹ́ mi tó wá lọ fẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó wá sọ pé kí ni?" Nípa tirẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ò kún ṣíbí. Mo mọ̀ pé ó ti ń fọ orí fún ẹlòmíràn láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó dá dúró. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ ńlá, ó sì ti kú. Mo mọ̀ pé ó bí ọmọkùnrin kan tó lọ sókè òkun. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò bi í léèrè rí bóyá ó ti jẹun.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì wa fẹ́ ya fọ́tò gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sì lọ tún orí mi ṣe. Mo rí i pé ó ń gbé abọ́ àwọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé e bọ̀, ó ń pò ó, ó ń fi díẹ̀ kún un. Ó ní aró inú rẹ̀ ò tíì jí. Èmi ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi lọ ní tèmi, mi ò fiyè sí i. Nígbà tó fi máa fọ orí mi tán, oòrùn ti wọ̀. Mo wo dígí, mo rí dúdú, mo lọ sílé. Mi ò jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n tò wá síwájú ọ́fíìsì nínú oòrùn. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá màmá ní fìlà lọ́wọ́. Orí mi búlúù, kì í ṣe díẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Íńkì. Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Èmi lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ ní tèmi, mo sì fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìdúró.

Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi fún un. Ó gbé mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo orí mi pẹ́, ó ní dúdú ni òun rí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fa bíírò dúdú kan àti búlúù kan yọ nínú báàgì mi, mo fa ìlà méjì sórí bébà, mo ní kó fi èyí tó dúdú hàn mí. Ó gba bébà náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e síwájú oòrùn.

Ó ní, "Méjèèjì ni."

Ó wá jókòó sórí àga oníbàárà. Mi ò rí i kó jókòó síbẹ̀ rí. Ó ní kí n jọ̀wọ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí ojú òun bá lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn, bí ṣọ́ọ̀bù bá sì lọ, kò sí ẹni tí yóò tún ṣílẹ̀kùn bá òun. Ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀. Mo béèrè bóyá ó ti lọ sílé ìwòsàn. Ó ní òun ti lọ. Wọ́n ní nǹkan ti bo ẹyinjú òun, ó sì ti pọ́n bí ìwé tó pẹ́ lórí àjà, ìdí nìyẹn tí òun kò fi rí búlúù mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré á mú un kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fún òun lọ́jọ́. Mo béèrè ìdí tí kò fi ṣe é. Ó dìde, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ló ń bà á, mo sì bá tèmi lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n èmi ò dúró kà á. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ní àga méjìlá, wọ́n bá mi fọ búlúù náà kúrò, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ni ọ̀gá mi wá sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù mi dún lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ló ń sọ̀rọ̀ láti ilé ìwòsàn ojú. Ó pe orúkọ obìnrin kan lódindi, ó ní àwọn ti ṣe tán pẹ̀lú wọn, kí n máa bọ̀ wá mú wọn lọ sílé. Mo ní mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tó ń yẹ ìwé wò.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n kọ síbí, mà. Wọ́n ní àbúrò wọn ni yín. Wọ́n sọ pé bí ẹ ò bá mọ orúkọ, ká sọ fún yín pé Aláró ni."

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ẹ̀gbọ́n mi wà nílé ìwòsàn. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó rò ó. Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì gígùn kan, wọ́n ti lẹ bándéèjì mọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀, ó fi báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Àwọn yòókù ní ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìgò oògùn kan, ó ní kí n máa kán an sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí n sì fọwọ́ sí ìwé. Mo fọwọ́ sí i.

Nínú ọkọ̀, ó ní kí n má bínú. Mo ní inú ń bí mi. Mo béèrè pé báwo ló ṣe kọ orúkọ mi láìsọ fún mi.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí wọ́n dá mi padà. Wọ́n á ní, ta ló máa mú yín lọ sílé? Mo ní èmi náà ni. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, àfi kí n kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀. Ọmọ mi, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn."

"Àwọn oníbàárà yín ńkọ́? Ẹ ní wọn rẹpẹtẹ."

Ó ń wo ìta pẹ̀lú ojú kan tó kù. "Orí mẹ́fà ni mo bà jẹ́ kó tó kan tìẹ. Kò sẹ́ni tó bá mi wí nínú wọn. Wọn ò kàn wá mọ́. Ìwọ nìkan lo padà wá bá mi jà."

Mo ronú kan ṣọ́ọ̀bù alága méjìlá tí mo lọ, ó sì dùn mí wọra.

Yàrá rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Mo kán oògùn sí i lójú, mo se oúnjẹ díẹ̀, ó jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi jókòó sórí àpótí. Mo ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ títí bándéèjì fi kúrò. Nígbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè pé, ẹ̀n-ẹ́n, ó wá sọ pé kí ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ yẹ fáìlì ara rẹ̀ wò. Mo ṣí tèmi. Níbi tí wọ́n ti ní ká kọ ẹni tí wọn óò pè bí nǹkan bá ṣe wá, ìyá mi ló ṣì wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti sin wọ́n. Èmi tí mò ń tẹ fọ́ọ̀mù yẹn fún gbogbo ènìyàn, mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè fi sí i, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ kàn án. Mo jókòó níwájú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà mo kọ orúkọ Aláró, orúkọ rẹ̀ gan-an bí nọ́ọ̀sì ṣe pè é, mo sì kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò tíì sọ fún un.